Ìka Tó Ń Kà

Irun orí kan ṣoṣo ni Dókítà Fáníyì fà tu
lẹ́yìn etí ara rẹ̀, funfun báláú,
ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìwé pelebe bò ó.
"Ẹ dijú. Ẹ fi ìka wá a."
Gbọ́lágadé rí i. Mojíròlá rí i.
Ó gbé ìwé kejì lé e, ìkẹta, ìkẹrin,
wọ́n ṣì ń rí i.
Èmi, lábẹ́ ìwé ẹyọ kan,
tábìlì nìkan ni mo fọwọ́ kàn.

Ẹ má bi mí ní máàkì tí mo gbà wọlé.
Igba egungun ó lé mẹ́fà wà lórí ahọ́n mi,
mo lè pè wọ́n lójú oorun,
àmọ́ ìka mi ò mọ̀wé.
Àtàǹpàkò mi le bí ọmọ odó;
ẹni tí mo bá tẹ̀ léjìká á ké "Yéè!"
Gbọ́lágadé ní kí n rántí,
èèyàn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe iyán.

Mo gé èékánná tí mo ti ń tọ́jú de ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi.
Mo to kọ́bọ̀ àtijọ́ sábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, mo ń wá ojú wọn.
Àbúrò mi Ládípọ̀ ń gba àádọ́ta náírà
kó tó dojú bolẹ̀ fún mi,
ọgọ́rùn-ún, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù.

Ní Ìsàlẹ̀ Aró, ìyá mi àgbà ń wò mí.
Ó ti raṣọ láró títí èékánná rẹ̀ fi gbàgbé
àwọ̀ tí Ọlọ́run dá a mọ́.
Ó gba ọwọ́ mi, ó gbé e lé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya,
"Ó ti gbẹ àbí kò tíì gbẹ?"
Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ fọ́.
"O ò béèrè, o ń kanlẹ̀kùn gbàgbàgbà.
Ẹni inú ilé ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́. Dákẹ́."

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Àkànmú gbé ìbàdí rẹ̀ wá,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ lójú irin rélùwéè.
Ó dojú bolẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka egungun ẹ̀yìn rẹ̀,
ẹyọ kan, èjì, ẹ̀ta… mo sọnù.
"Ọmọ, ibo lo dé?"
"Bàbá, mi ò mọ̀ mọ́."
Ó rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí.
"Padà sí Ìlọrin. Má sáré o,
ọkọ̀ ẹrù ni mí, èmi kì í ṣe ọkọ̀ èrò."

Mo gbé ìka lé ibi tó yọ gọngọ lẹ́yìn ọrùn.
Ìlọrin.
Ọ̀fà. Ó tutù, ó rọ̀.
Òkukù.
Ní Ìkìrun, awọ ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná díẹ̀.
Lẹ́yìn náà ìka mi dúró fúnra rẹ̀,
n kò sọ fún un pé kó dúró.
Ẹran ibẹ̀ le koko bí okùn tí omi mu.
"Òṣogbo," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀,
"ibẹ̀ ni irin ti jábọ́ lù mí,
ọdún tí a sin Àjàní."

Dókítà Fáníyì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, fúyẹ́, bí ewé.
"Má tẹ̀. Dúró tì í. Jẹ́ kó mí."
Bàbá mí. A dúró.
Ó mí. Ọkọ̀ kan fun fèrè lójú títì.
Ní ìgbà kẹta, nǹkan kan ṣí lábẹ́ ìka mi,
bí ìgbà tí ẹni inú ilé
fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ̀pá ilẹ̀kùn.

Kò yá tán o.
Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó di ìbàdí mú,
ó ní Ọjọ́bọ̀ mìíràn, kí n má gbàgbé Ẹdẹ.

Lóru, mo fa irun kan tu lórí ara mi,
mo pa á dé sínú ìwé egungun.
Lábẹ́ ojú ìwé kan, mo rí i.
Lábẹ́ méjì, mo rí i.
Ní ìkẹta, ó sọnù.
Mo padà sí ìkejì.