Kọ́kọ́rọ́ Ọjọ́ Náà

Ní Kaduna, lọ́dún tí ogun ń jà,
ọkọ mi ń lọ síṣẹ́ alẹ́ bí ẹni ń lọ sílé àlè:
kò ní sọ ibi tó ń lọ,
kò ní sọ ohun tó ṣe níbẹ̀.
Bàtà rẹ̀ ń dán. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún kó tó júwe ẹ̀rọ náà fún mi.
Ó ní kò tóbi ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ,
àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún,
àgbá irin kéékèèké mẹ́fà tò sínú rẹ̀ bí eyín.
"Bí o bá tẹ lẹ́tà kan, òmíràn ni yóò bí.
Tẹ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kò ní bí ìbejì rẹ̀."
Lẹ́tà márùn-ún, àlàfo, lẹ́tà márùn-ún,
lórí bébà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà.

Mo ní, "Ẹnà mà ni, Jímọ̀,
ẹnà tí a fi ń bú ìyàwó bàbá wa lójú ara rẹ̀ ní Ọ̀fà."
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní tiyín, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta á mọ̀ ọ́n;
tiwa, ọ̀gànjọ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń kú.
Wọn á sun bébà àná nínú agolo mílíìkì,
wọn á po eérú rẹ̀ mọ́ omi.

Eérú tí mo ń rí ní èékánná rẹ̀ nìyẹn.
Sìgá ni mo pè é.

Lóṣù tí ọyẹ́ la ètè gbogbo bárékè,
mo di kúlíkúlí àti súẹ́tà kan
ránṣẹ́ sí Lásísì àbúrò mi lójú ogun.
Jímọ̀ jókòó tì mí bí mo ṣe ń rán ẹnu àpò náà.
Ó bá mi di òwú mú.
Ó bá mi kọ nọ́ńbà ọmọ náà sí i lára.
Mo ní, "Kọ ọ́ kó hàn o."
Ó tún un kọ.

Inna Laraba, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ figbe ta
nígbà tí ẹni tó mú lẹ́tà wá sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ló tó jẹ́wọ́:
orúkọ Lásísì ti gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá,
lẹ́tà márùn-ún márùn-ún,
ọjọ́ mẹ́sàn-án kí lẹ́tà tó dé.
Àpò yẹn, òkú ni mo rán an sí, ó sì mọ̀.
N kò bá a jà.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀.
Ó kà á pé. Kò bẹ̀ mí.

Báyìí ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.
Ìka rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan.
Lóru ó ń tẹ ẹ̀yìn mi bí ẹni ń tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́,
kúkurú, kúkurú, gígùn.
Mo tan iná. Mo mú pẹ́ńsù,
mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí Tudun Wada,
tóótó kan, ìlà kan.
Ó ti kún ojú ewé mẹ́ta,
n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí.

Láàárọ̀ àná mo gbé e síwájú rẹ̀,
mo bi í pé, "Jímọ̀, ta ló tún kú?"
Ó wò ó títí.
Ó ní kí n bu omi sí eérú.