Oṣù Mẹ́rìnlá

Lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta,
ilé onípáànù kan wà tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí.
Nígbà tí sìmẹ́ńtì tán, orin wọ ibẹ̀.
Àwọn márùn-ún ni wọ́n. Èmi ni ẹnì kẹfà,
èmi tí mo ń gbé ẹ̀rọ,
tí mo ń ká wáyà bí ẹni ń ká ìfun ẹran.

Oòrùn ọ̀sán á yan wọ́n títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn.
Ìyá Ṣówándé ló pe orúkọ náà, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni:
"Ẹ̀yin ọmọ Páànù Gbígbóná, ẹ wá jẹun!"
Wọ́n jẹun. Wọ́n gba orúkọ.

Ṣówándé kò kọ́ béèsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn lóru ló kọ́ ọ:
gìdìgbà-gìdì, dúró.
Gìdìgbà-gìdì,
dúró.
Ó ní inú ìdúró yẹn ni ijó ń gbé.

Múfútáù, ọmọ ládàánì,
ń ká ọ̀pá ìlù méjì mọ́ inú ẹní ìkírun;
ìdérí ìkòkò ìyàwó bàbá rẹ̀ ló ń lù bí agogo.
Obíora ti Ẹnúgu dé lẹ́yìn ogun
pẹ̀lú ọ̀gáànù tí eyín mẹ́ta nínú rẹ̀ ti yadi.
A kò bi í pé ta ló gbé ohùn wọn lọ.
Pẹ́dúrò, ọmọ bíríkìlà láti Kámpọ́ọ̀sì,
ń gbé gìtá àwìn gba orí afárá Kátà kọjá.
Àti Iyùnadé, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
ohùn rẹ̀ bí ìgbà tí a fa aṣọ tuntun ya.

Alẹ́ Sátidé kan ní Yábàá
iná lọ láàárín orin.
Gìtá kú. Béèsì kú. Ọ̀gáànù kú.
Múfútáù kò kú.
Iyùnadé sọ máíkì kalẹ̀, ó la ẹnu,
àwọn èrò sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu béèsì tí kò sí,
wọ́n ń dúró níbi tí Ṣówándé ì bá dúró,
gbogbo ilé, nínú òkùnkùn, lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo ti rí nǹkan láyé. N kò tíì rí irú ìyẹn mọ́.

Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ "Pọ́n-ùn Gbígbóná" sí i lára.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.
Pọ́n-ùn ọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ wa rí,
ì báà gbóná, ì báà tutù.
Rédíò lò ó lẹ́ẹ̀kan, láago mẹ́fà ku díẹ̀ ìdájí,
nígbà tí gbogbo Èkó ń bu omi sórí.

Kò sí ìjà. Ìjà ì bá ṣeé parí.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, onígìtá wá gba gìtá rẹ̀.
Lẹ́tà dé fún Iyùnadé láti ilé ìwòsàn Kàdúná.
Ládàánì tú ẹní, ọ̀pá méjì jábọ́ níwájú ìmáàmù.
Obíora ní òun ń lọ wo ògiri ilé àwọn, òun ń bọ̀.
Ṣówándé wọ aṣọ rélùwéè,
ó ń so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ lóru.
Wọ́n tún kó sìmẹ́ńtì padà síbẹ̀.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe báyìí.
Àwo kan kù lọ́wọ́ mi; oòrùn ti ká a létí,
abẹ́rẹ́ á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi.
Ọmọ mi obìnrin ní orin náà ti gbó.
Mo ní kó má tíì pa á, kó jẹ́ kó dé òpin,
níbi tí gbogbo wọn ti dákẹ́
tí ẹnì kan sì húkọ́, fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí eruku sìmẹ́ńtì,
kí ẹ̀rọ tó kú.

Èmi nìyẹn.