Kí Iyán Tó Tutù

Oṣù Kẹjọ ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi,
kùrukùru ṣì jókòó sórí òkè ẹ̀yìnkùlé
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.
A pé sí Ìkọ̀lé, sílé Bàámi,
ilé tí páànù rẹ̀ ti pọ́n ju epo lọ.

Lámídì ti Ìlọrin dé, tẹ̀sùbáà yí i lọ́wọ́ ká.
Fẹ̀hìntọlá ti Adó dé, sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán,
ẹrẹ̀ ojúde ti kọ lẹ́tà sí i létí aṣọ.
Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́, àbúrò Bàámi, kò tibì kankan dé,
òun ló ń ṣọ́ irin Ògún tí Bàámi fi sílẹ̀;
kì í mu omi kó má ta díẹ̀ fún ilẹ̀.
Èmi ńkọ́? Ẹ má bi mí.
Láti ọjọ́ tí mo ti sin àkọ́bí mi
n kò mọ orúkọ tí mo lè fi pe ẹnikẹ́ni lókè.

Lọ́dún tó kọjá, àdúrà mẹ́ta la gbà lórí abọ́ kan.
Kí àmín kẹta tó dún, eṣinṣin ti jẹ tirẹ̀,
ó ti nu ọwọ́, ó ti fò lọ.
Iyán le, epo dì lójú ọbẹ̀,
a wá ń wo ara wa bí ẹni tó jẹra wọn ní gbèsè.

Lọ́dún yìí, Lámídì ti lanu,
Fẹ̀hìntọlá ti dìde,
Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ti wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́ àrùn,
ni Yèyé wa bá fi ìdérí lu ìkòkò.
"Ọlọ́run kò lọ síbì kankan," ó ní. "Iyán ló ń lọ.
Ta ló mọ ẹni tó kọ ebè uṣu yìí?"

A dákẹ́.

"Óhízà ni, ọmọ Ìgbìrà.
Ejò bù ú ṣán lóko lóṣù Kẹta.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wú nígbà tó padà wá kọ èyí tó kù,
ó ní òun ti gba owó sílẹ̀, òun kò lè jẹ gbèsè ilẹ̀.
Ọlọ́kadà tó gbé e wálé láti Odò-Òrò,
òjò ká a mọ́ ọ̀nà.
Ó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi bo uṣu.
N kò bi í lórúkọ. Ìyẹn ń dùn mí."

Lámídì wo odó tó dojú dé ní kọ̀rọ̀:
"Mo kí ẹni tó gbẹ́ odó. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi."
Fẹ̀hìntọlá jókòó: "Mo kí obìnrin Ìsàn tó mọ ìkòkò yìí,
tó fi àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀. Ẹ wò ó, ojú ibẹ̀ ò tíì pa."
Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ kí iná, ó kí igi,
ó kí tẹ̀tẹ̀ tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀;
ì bá kí gbogbo ayé bí Yèyé kò bá wò ó.

Ó kan èmi. Ẹnu mi gbẹ.

Ọmọ́dára, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló fa ọwọ́ Yèyé
kúrò lábẹ́ ìṣẹ́po aṣọ, ó tẹ́ ẹ sójú ìmọ́lẹ̀.
"Yèyé, ọwọ́ yín lé ròrò."
Ọmọrí odó ti bó àtẹ́lẹwọ́ náà níbi méjì.
Ẹni àádọ́rin ọdún! Gbogbo wa sì wà nílé,
à ń jiyàn àdúrà nígbà tí odó ń dún.

Ìgbà yẹn ni mo rí ọ̀rọ̀. Kò ju ẹyọ lọ,
inú ilé náà ló ti wà látọjọ́:
"Yèyé, ẹ kú iṣẹ́."
Gbogbo wa wí i, ẹnì kan kò kù.
"Ẹ jẹ," ó ní. "Á gba ibi ire."

Bóyá Lámídì ṣe bísímílà sínú,
bóyá Fẹ̀hìntọlá fọwọ́ kan iwájú orí.
Mo gbọ́ tí omi ta sílẹ̀ díẹ̀.
N kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo bu òkèlè.
Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́;
ti òní jó mi.
N kò jù ú sílẹ̀.