Ọrùn Fẹ́yíṣará

Odò kan náà la jọ ń pọn ní ilẹ̀ Bùnú.
Omi tèmi a máa dà sí mi lẹ́yìn,
ìkòkò tìrẹ kì í mì.
Ìyá wò ọ́ láti ìdí òfì,
ó ní, "Ọmọ yìí ò rìn, ṣíṣàn ló ń ṣàn."

Ní Párìsì, wọn ò ní àtíkè tó bá ojú rẹ mu.
Funfun bí ẹfun ni gbogbo rẹ̀.
O fi àdín po osùn ilé nínú ìdérí ìgò,
o fi pa ojú ara rẹ,
o jáde.
Aránṣọ tó ní aṣọ òun kì í ṣe fún adúláwọ̀
há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, kò lè fọhùn.

Lẹ́tà rẹ ò sọ ìyẹn;
ọmọ Olúmorótì ló ròyìn rẹ̀ ní Kàbà.
Tìrẹ ò ju pé òtútù mú,
bàtà ń há ọ,
kí n bá ọ wo Ìyá.

Fẹ́yíṣará, Ìyá ti lọ.
Aṣọ ìpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun la tẹ́ bò ó.
Ọ̀kan ṣì wà lórí òfì, kò parí.
Ó ní tìrẹ ni, kẹ́nikẹ́ni má gé e.
Mo ti fi àkísà bò ó,
àmọ́ eku ti mọ ibẹ̀.