Àpótí Kẹtàdínlógún

Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó rí i:
ìwé tó ti mu omi òjò láìmọye ọdún,
ìgbẹ́ èkúté, obì gbígbẹ,
àti tábà ẹnìkan tó jókòó létí fèrèsé yìí
kí wọ́n tó bí mi.

Yàrá ìwé wa ní Aké, fèrèsé méjì ló ní.
Ọ̀kan kọjú sí àpáta, èkejì ò ṣeé ṣí mọ́.
Iṣẹ́ mi ni kí n gbọn eruku,
kí n ka ohun tó ṣẹ́kù, kí n dà á kọ,
kí ikán má baà kà á tán ṣáájú mi.

Wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin bí ìborùn:
“Èmi Ẹfúnyẹlá ará Ìtọ́kò,
mo fi ilẹ̀ yìí ta àwọn ọmọ ogun wa lọ́rẹ,
àwọn tó bọ̀ láti Bọ́mà kí wọ́n rí ibi sùn sí.
Láti ìdí ìrókò tí àrá là,
dé ibi tí odò ti ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́,
dé ẹ̀yìn oko obì tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi.
N kò gba kọ́bọ̀.
Kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.”

Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó dú bí aró.
Kì í ṣe tàdáwà akọ̀wé.
Ó jọ pé ìdí ìkòkò aró ló ti dìde wá,
tí kò dúró nu ọwọ́.

Abẹ́ rẹ̀ ni ìwé pélébé Kọ́púrà Ṣóyẹmí wà:
“Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ láti ìdí pèrègún: Ṣítù Akínwándé. Ikọ́ ni.
Mẹ́ta sí i: Jósáyà Ṣógbẹ̀san, tó máa ń kígbe lóru.
Mẹ́ta sí i: n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ó fẹ́ràn iyọ̀.”

Rísíkátù ọmọ Ṣítù ti wá lẹ́ẹ̀mẹta.
Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára òkúta níbẹ̀,
wọ́n ti ta apá kan, wọ́n ń dúnàádúrà èyí tó kù.
“Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá,” ló wí.
“Egungun bàbá mi ńkọ́?”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, a jọ lọ.
Ìrókò ti lọ, kùkùté rẹ̀ ṣì wà.
Pèrègún wà níbẹ̀, ó ti di agbo.
Mo ka ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, mo bọ́ sínú kòtò omi.
Mo tún un kà. Kòtò náà ni.
Rísíkátù ń wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Mo ṣí ìwé owó ìfẹ̀yìntì Kọ́púrà,
tí mo ti dà kọ lóṣù tó kọjá láìronú sí i:
ẹsẹ̀ òsì, igi.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.
Mo wọ́ ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì,
bí ẹni tí orókún rẹ̀ kù sí òkè òkun.
Ọkùnrin tó ń kọ ebè ẹ̀gẹ́ dúró, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.
Ìkẹjọ gbé mi dé ẹnu ebè rẹ̀ gan-an.
Ilẹ̀ ibẹ̀ rì díẹ̀, bí ìrọ̀rí tí orí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Rísíkátù bọ́ bàtà.
Alágbàro náà dákẹ́ ẹ̀rín,
ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ojú irin dojú bolẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ṣe: ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún kóòtù,
ọ̀kan fún àpótí tuntun tí ikán ò tíì mọ̀.
N kò mọ ohun tí kóòtù yóò wí.
Nígbà tí mo dé orí ẹni tí kò lórúkọ,
ọwọ́ mi fẹ́ fò ó. Mo padà.
Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Kọ́púrà ti kọ ọ́:
ó fẹ́ràn iyọ̀.

Lẹ́yìn ògiri, ikán ṣì ń kàwé.
Mo ń gbọ́ ọ.
Mo ń yára kọ.