Ìwé Gbèsè Ilé Felisiánù

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i níwájú,
àgbélébùú kan tó wọ́ lábẹ́ fèrèsé.
Ní Pópó Àgùdà, gbogbo wa la mọ ohun tí àmì náà ń wí:
kí oṣù mìíràn tó lé, kò ní sí ilé.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Òkè ni wọ́n ń sùn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń tà.
Ìṣó, fìtílà, kàkí, abọ́ tánńganran,
epo òyìnbó nínú àgbá,
ọṣẹ gbọọrọ tí wọ́n ń fi wáyà gé.
Mo kéré nígbà náà, ojú mi ò ga ju káńtà lọ.
Abẹ́ òṣùwọ̀n ni mo mọ̀, àwo idẹ méjì tó ń bá ara wọn jà
títí ọ̀kan á fi gbà fún èkejì,
àti pákó ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ oníbàárà ti fọ̀ dán.

Felisiánù kì í pariwo.
A máa ka ìṣó bí ẹni ka owó,
a sì fi ọ̀kan lé e: "Èyí ni ti ọmọ tí wọ́n rán."
Bí ẹnìkan bá ní òun ò rówó, kò ní wí nǹkan.
Á ṣí ìwé gíga kan. Á fi ahọ́n kan ẹnu pẹ́ńsù.

Àná ni Arinọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, pè mí:
"Wá mú ohun tó bá wù ọ́, kí katakata tó dé."
Mo ní òṣùwọ̀n. Ó ní wọ́n ti jí i.
Mo ní ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lára.
Ó ní ará Lẹ́kí kan ti san owó rẹ̀,
ó fẹ́ fi ṣe tábìlì ilé ọtí.
Ìwé náà ló kù.

Eruku, orúkọ. Orúkọ, eruku.
*Ìyá Alákàrà Ìgbósẹ̀rẹ̀, ìdajì gálọ́ọ̀nù epo.* Ó san.
*Mùnírù káfíńtà, ìṣó, póùn méjì.* Ó san díẹ̀.
*Wolé-wolé, ọṣẹ kan.* Kò san, kò sì ní san.
*Fásásì aránṣọ, kàkí, ọ̀pá méjì.*
Níwájú rẹ̀, òfìfo.

Bàbá mi.

Kàkí wo? Mo rò ó títí.
Ọdún tí mo wọ ilé ìwé ni, ṣòkòtò tó bo orúnkún mi,
tí bàbá ní mà á dàgbà bá.
Mo dàgbà bá a. Mo wọ̀ ọ́ gbó.
Òun ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì
tí mo fi kọ́ bí wọ́n ti ń kọ orúkọ mi.

Mo yọ owó. "Arinọlá, bàbá mi jẹ yín."
Ó wo ìwé, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
N ò mọ ibi tí ẹ̀rín ti parí níbẹ̀.
"Ta ni kí n gbà á fún? Ṣílè mélòó ni? Ṣílè ọ̀hún dà?"

Katakata dé láàárọ̀ yìí.
Nígbà tí ògiri ìsàlẹ̀ ya, ìṣó tú jáde láàárín pákó,
ìṣó àtijọ́, ó ti dípẹtà,
àwọn ọmọ àdúgbò sáré lọ ṣà á.
Ọ̀kan ń kà á sọ́wọ́ èkejì: ení, èjì, ẹ̀ta.
Ìwé náà wà lábíyá mi.
Mo fẹ́ ní kó fi ọ̀kan lé e.