Òkun Nínú Gíláàsì

Gíláàsì búrẹ́dì ni tẹ́lẹ̀.
Obìnrin kan lọ́nà Ọ̀dà ló pa á tì sẹ́yìn ìsọ̀,
igun rẹ̀ kan ti sán, aáyán ti fi ṣe ilé.
Mo gbé e lọ bá Fátùyí onígíláàsì ní Ìsinkàn.
Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"
Mo ní, "Òkun ni mo fẹ́ dà sínú ẹ̀."
Ó wò mí láti orí dé bàtà,
ó yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà kúrò nínú owó iṣẹ́
bí ẹni ń ṣàánú wèrè.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Owó oṣù mi kò ká iyọ̀ òyìnbó inú páálí,
ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni mí,
ẹni tó lẹ́bí létí òkun kì í ra iyọ̀.
Orímisan pọn omi ránṣẹ́ láti Ayétòrò,
kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tó fi omi gbígbóná fọ̀.
Mo ti kìlọ̀ fún un: ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn wọ́n.
Ní Igbókòdá, awakọ̀ gba owó èrò méjì lórí wọn,
ó ní omi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra.
Kí wọ́n tó wọ Oǹdó, ọlọ́pàá kan ṣí ọ̀kan,
ó tọ́ ọ wò,
ó tutọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Mi ò lówó ohun ìwọnyọ̀.
Mo yọ inú bíríò kan dànù,
mo fi ìṣó àti ìda àbẹ́là dí i nídìí,
mo jẹ́ kó dúró lójú omi bí ọmọdé tó ń kọ́ odò wíwẹ̀,
mo fi abẹ fa ìlà síbi tí omi mù ún dé.
Bí ìlà náà bá ti yọ sókè, iyọ̀ ti le jù nìyẹn:
oòrùn Àkúrẹ́ ti fa omi lọ,
kò sì fa iyọ̀.
Omi òjò ni mo ń bù kún un.

Mo sọ edé kan sí i, kó jẹrà síbẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.
Alaalẹ́ ni Tísà Arómọláràn ń yọjú láti yàrá kejì.
"Ẹja ńkọ́?"
"Kò tíì yá."
"Kí lo wá ń wò?"
"Omi."
Ó ti sọ ọ́ kárí àdúgbò
pé mo ń sin omi bí ẹni ń sin adìẹ.
Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ le. Nígbà tó yá, omi náà mọ́
bí ojú ẹni tó sunkún tán.

Ìyá mi nìkan ni kò wò ó.
Ó pé ọdún márùn-ún tí òkun ti wọlé bá a l'Ayétòrò,
tó gbé yàrá, tó gbé bẹ́ẹ̀dì,
tó gbé fọ́tò kan ṣoṣo tí òun àti bàbá mi jọ yà.
Bó bá ń lọ sí kíṣìnnì, ògiri ló ń kọjú sí.

Ẹja dé lọ́jọ́ Sátidé, nínú ike omi:
ẹyọ kan,
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìlà dúdú márùn-ún lára.
Orímisan ní ìdí òpó ilé kan tó rì ni òun ti rí i.
Mi ò bi í pé ilé ta ni.

Lóru ọjọ́ kẹta, iná lọ,
bátìrì páńpù náà sì kú.
Mi ò mọ̀, mo ti sùn lọ.
Ìró omi ló jí mi.
Ìyá mi ni, tọ́ọ̀ṣì há a lábíyá,
ó ń fi ife bu omi, ó ń dà á padà láti òkè
kí atẹ́gùn lè bá a wọlé,
ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn Ìlàjẹ, jẹ́jẹ́:
"Olè. Olè.
Níbo lo gbé bẹ́ẹ̀dì mi sí?"
Ẹja náà yọrí láti inú ìkarahun.
Ó bù, ó dà,
ó bù, ó dà, títí ilẹ̀ fi mọ́.